Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn Wà Nínú Ìwé, Ìdáhùn Kò Tíì Dé Ìbàdàn

Àwọn obìnrin ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ àìlọ́kọ, àwọn tí a ń pè ní sístà, ni wọ́n kọ́kọ́ ta àwọn onímọ̀ ìṣègùn lólobó. Láti ọdún 1713 ni Bernardino Ramazzini, dókítà ará Ítálì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé jẹjẹrẹ ọmú wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Joseph Fraumeni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ àkọsílẹ̀ ikú àwọn sístà wò ní 1969, ọ̀rọ̀ náà kọjá ọmú. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà ń pa wọ́n ju bó ṣe ń pa àwọn obìnrin mìíràn lọ. Kí ló wá kan ìfun nínú ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí? Ní 1980, àwọn onímọ̀ méjì, McMichael àti Potter, dá a lábàá pé ó ṣeé ṣe kí họ́mónù tó ń pọ̀ lára obìnrin nígbà oyún máa dáàbò bo ìfun ńlá, kí ẹni tí kò lóyún rí má sì rí ààbò náà gbà tó.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti dá àbá yẹn. Àríyànjiyàn náà ti kúrò lórí ẹni tó bímọ àti ẹni tí kò bí, ó ti wọ inú jíìnì, àkọsílẹ̀ àbùdá tí kálukú jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀. Wọ́n ń wádìí bóyá ìyàtọ̀ kéékèèké nínú àwọn jíìnì tó ń darí họ́mónù ló fà á tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá fi ń mú ẹnìkan, tí ó ń fi ẹlòmíràn sílẹ̀. Ojú tí ìwé ìròyìn yìí fi ń wo ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Ìmọ̀ tòótọ́ ni, ìwádìí rẹ̀ sì yẹ kó tẹ̀síwájú. Ṣùgbọ́n kò tíì di ohun tí ẹnikẹ́ni lè tà fún wa gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò, kò sì lè dà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Yorùbá àfi bí wọ́n bá ṣe ìwádìí náà lára ọmọ Yorùbá. Ìjọba tó bá fẹ́ kí á jèrè nínú rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ náwó sórí iṣẹ́ tí kò lókìkí: kí wọ́n máa wo ìfun ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nídìí rẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀.

Họ́mónù dà bí akéde tí ọba rán jáde. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà kọjá, ó ń dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ilé tó bá ní etí nìkan ló ń gbọ́ ohun tó ń wí. Jíìnì ló ń pàṣẹ bí etí kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rí, bóyá yóò mú tàbí yóò di. Estrogen, họ́mónù tó pọ̀ lára obìnrin ju ti ọkùnrin lọ, ní irú etí méjì. Ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní alfa, ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ tipẹ́, òun ló ṣe pàtàkì jù nínú ọmú àti ilé ọmọ. Èkejì, bẹ́tà, kò di mímọ̀ àfi ní 1996, nígbà tí ikọ̀ Jan-Åke Gustafsson ní Swídìn ṣàwárí rẹ̀. Bẹ́tà yìí ló pọ̀ jù nínú ìfun ńlá. Bí ara ìfun bá sì ti ń yí padà di jẹjẹrẹ, díẹ̀díẹ̀ ni bẹ́tà ń pòórá níbẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbà pé bẹ́tà wà lára ohun tó ń kó sẹ́ẹ̀lì ìfun níjàánu.

Ìyàtọ̀ jíìnì kì í ṣe àìsàn. Ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ nínú ìlà gígùn, ó sì lè jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn ní ìgbà méjìdínlógún lára ẹnìkan, ní ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lára aládùúgbò rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò ní irú rẹ̀ lára. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ó ní “ìyàtọ̀ jíìnì” kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ìyàtọ̀ wo, nínú jíìnì wo, kí ló sì ń fi kún ewu tàbí tí ó ń yọ kúrò níbẹ̀: ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e nìyẹn.

Ní 2005, Martha Slattery ti Yunifásítì Utah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde lórí jíìnì mẹ́ta: ESR1 tó ń ṣe alfa, ESR2 tó ń ṣe bẹ́tà, àti AR, tó ń ṣe etí tí họ́mónù ọkùnrin ń bá sọ̀rọ̀. Lórí kúrómósóòmù X ni jíìnì AR wà. Inú rẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́ta kan, CAG, ti ń tò tẹ̀ léra wọn, bí títò náà bá sì ṣe gùn sí i ni agbára etí yẹn ń dín kù sí i. Láàárín àwọn ọkùnrin tí wọ́n yẹ̀ wò, ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá ga díẹ̀ lára àwọn tí tiwọn gùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn obìnrin.

Ẹ dúró díẹ̀ sórí àbájáde yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé, ní ìpíndọ́gba, CAG àwọn ọkùnrin tó ti ìran Áfíríkà wá kúrú ju ti àwọn òyìnbó lọ. Bí a bá wá gba ìṣirò Utah bẹ́ẹ̀ tí a sì gbé e lé ara tiwa, ohun tí a ó máa retí ni pé kí ewu ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kéré. Òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá àti ti ìdí ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ ní nǹkan bí ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń pa wọ́n jù wọ́n lọ ní nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Slattery kò ṣìṣe. Jíìnì kan kò lè dá ẹjọ́ náà fún gbogbo ènìyàn ni, pàápàá jù lọ nígbà tí oúnjẹ, owó ilé ìwòsàn àti àkókò tí dókítà rí àrùn náà wà nínú ẹjọ́ yẹn.

Bí wọ́n bá fi họ́mónù fún ènìyàn ní tààrà ńkọ́? Wọ́n ti dán an wò. Ìdánwò tó gbajúmọ̀ jù ni ti Women's Health Initiative ní Amẹ́ríkà. Obìnrin 16,608 tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, tí ilé ọmọ wọn ṣì wà nínú ara wọn, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń lo estrogen pẹ̀lú progestin, apá kejì ń lo oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Oṣù Keje 2002 ni wọ́n dá a dúró láìpé ọjọ́, nítorí ewu rẹ̀ ti borí àǹfààní rẹ̀. Bí 10,000 obìnrin bá lo oògùn náà fún ọdún kan, mẹ́jọ á kún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú, mẹ́jọ á kún àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, mẹ́jọ á kún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dídì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn, méje á kún àwọn tí àìsàn ọkàn mú. Ní ti àǹfààní, mẹ́fà á dín nínú àwọn tó ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá àti ti ìdí, márùn-ún á dín nínú àwọn tí egungun ìbàdí wọn ṣẹ́.

Mẹ́fà yẹn ni àwọn kan dì mọ́, wọ́n ní ẹ ò rí i, sístà kò parọ́. Nígbà tó di 2004, Rowan Chlebowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún inú àkọsílẹ̀ náà yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá àti ìdí jẹ́ 43 láàárín àwọn olóògùn, ó jẹ́ 72 láàárín àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn 43 náà ti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí i, ó ti ń ràn kúrò nínú ìfun. Ìdánwò kejì tún wà, lára obìnrin 10,739 tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn, estrogen nìkan ni àwọn yẹn lò. Iye jẹjẹrẹ ìfun wọn kò dín rárá. Nítorí náà, kí obìnrin kankan má tìtorí ìfun ra họ́mónù jẹ ní ilé olóògùn, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London ló fi í ránṣẹ́.

Estrogen ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Èrò tiwa ni pé họ́mónù tó yẹ kí á máa fiyè sí jù nínú ọ̀rọ̀ ìfun ni ínsúlìn, àti èyí tó jọ ọ́ tí wọ́n ń pè ní IGF-1, tó ń bá họ́mónù ìdàgbàsókè ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pọ̀ sí i, kó má sì kú. Ẹ̀rí tó lágbára jù wà níbi méjì tí jíìnì, tàbí ẹṣẹ́ ara tó ń ṣe họ́mónù, kò ti ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí họ́mónù ìdàgbàsókè wọn pọ̀ kọjá ààlà, tí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti párì wọn ń tóbi sí i nígbà tí wọ́n ti dàgbà tán. Kókó inú ìfun ńlá wọ́pọ̀ lára wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn dókítà fi ń gbà wọ́n níyànjú láti fi kámẹ́rà wo ìfun wọn.

Ẹ̀rí kejì wà ní ìgbèríko Loja, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ecuador. Àwọn ìdílé kan wà níbẹ̀ tí jíìnì tó ń ṣe etí họ́mónù ìdàgbàsókè ti bàjẹ́ lára wọn. Zvi Laron, dókítà ará Ísírẹ́lì, ló ṣàpèjúwe àìsàn náà ní 1966, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Àwọn tó ní in kì í ga ju ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, IGF-1 ara wọn kéré gan-an. Dókítà Jaime Guevara-Aguirre, ọmọ ilẹ̀ náà, ló ń tọ́jú wọn. Ó tọpasẹ̀ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú wọn fún ọdún méjìlélógún. Nígbà tí òun àti Valter Longo, onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé àbájáde náà jáde ní 2011, ẹnìkan ṣoṣo ni jẹjẹrẹ mú láàárín wọn, kò sì pa á. Láàárín àwọn ẹbí wọn tó ga bí ènìyàn yòókù, tí wọ́n ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, jẹjẹrẹ ló pa ẹnìkan nínú márùn-ún tó kú. Kò sì sí àtọ̀gbẹ láàárín àwọn kúkúrú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn sanra.

Àwọn kan ti fẹ́ sọ ìtàn Loja di ìròyìn ayọ̀. Kí wọ́n rọra. Àwọn ènìyàn náà kò pẹ́ láyé ju àwọn ẹbí wọn lọ. Gìrì, jàǹbá àti ọtí ni ó ń pa wọ́n, kò sì sí ìyá tó máa gbàdúrà pé kí ọmọ òun má ga kí jẹjẹrẹ má baà mú un. Ohun tí Loja fi hàn ni pé bí jíìnì họ́mónù kan bá yí padà pátápátá, ewu jẹjẹrẹ lè yí pẹ̀lú rẹ̀. Ìyàtọ̀ kéékèèké tó wà lára èmi àti ìwọ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Oúnjẹ ni ó ń gbé ínsúlìn sókè, kò sì sẹ́ni tó ń bi ìkòkò léèrè nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ jíìnì. Ní 2015, Stephen O'Keefe ti Yunifásítì Pittsburgh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ogún ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú àti ogún ará ìgbèríko South Africa, wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń jẹ oúnjẹ oníhóró àti ẹ̀wà, àwọn ará South Africa ń jẹ ẹran àti ọ̀rá. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn àmì tó ń fi ewu jẹjẹrẹ hàn nínú ìfun ti lọ sílẹ̀ lára àwọn àkọ́kọ́, ó ti gòkè lára àwọn kejì. Jíìnì ẹnikẹ́ni kò yí padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Denis Burkitt, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Uganda, ti ń sọ láti 1971 pé oúnjẹ tí kò ní èèpo àti fọ́nrán tó ló ń bá ìfun àwọn òyìnbó jà. Ní àkókò rẹ̀, jẹjẹrẹ ìfun ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà. Ẹni tó bá rìn kọjá níwájú àwọn ilé oúnjẹ tuntun ní Bódìjà tàbí Ìkẹjà lónìí yóò rí i pé àkókò Burkitt ti lọ.

Ibi tó ń dùn wá ni Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé fẹ́ ya àwòrán ìyàtọ̀ jíìnì ọmọ ènìyàn, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní HapMap, ibi mẹ́rin ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀: Utah, Beijing, Tokyo àti Ìbàdàn. Ènìyàn 270 ni gbogbo wọn, 90 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá: bàbá, ìyá àti ọmọ kan láti ọgbọ̀n ìdílé. Ọdún 2005 ni àwòrán náà jáde. Títí di òní, yàrá ìwádìí tó bá ń ṣe iṣẹ́ jíìnì níbikíbi láyé mọ YRI, lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún “Yorùbá ní Ìbàdàn”. Àwọn ará ìlú tó na apá wọn fún abẹ́rẹ́ yẹn ṣe ayé lóore.

Kí ni ayé wá fi àwòrán náà ṣe nípa ìfun wa? Ní 2023, iṣẹ́ ńlá kan jáde tó to ibi 205 nínú àbùdá tó níí ṣe pẹ̀lú ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá àti ìdí. Àwọn aláìsàn inú rẹ̀ lé ní 100,000. Ìran Yúróòpù àti ti Ìlà-Oòrùn Éṣíà ni wọ́n. Ní 2019, Giorgio Sirugo, Scott Williams àti Sarah Tishkoff ti ṣírò pé nínú gbogbo ènìyàn tó wà nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lórí onírúurú àrùn, 78 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ìran Yúróòpù. Ìran Áfíríkà kò ju 2 lọ.

Ẹ má ṣe rò pé ìgbéraga lásán la fi ń sọ èyí. Àbùdá ìran Áfíríkà ló pẹ́ jù láyé, òun ló sì ní ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù nínú. Àwọn onímọ̀ kì í sábà rí jíìnì ọ̀daràn fúnra rẹ̀, àmì kan tó máa ń bá a rìn ni wọ́n ń rí. Lára òyìnbó, àmì àti ọ̀daràn lè máa rìn pọ̀. Lára tiwa, wọ́n lè ti pínyà láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ìṣirò 2023 yẹn wọn ewu ọmọ Ìbàdàn lè pe ẹni tó wà nínú ewu ní aláìléwu.

Pé tiwa yàtọ̀ kì í ṣe àròsọ. Ẹgbẹ́ ARGO, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Alátiṣe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń bá ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, yẹ jẹjẹrẹ ìfun àwọn ọmọ Nàìjíríà wò. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2021 ni pé nínú jẹjẹrẹ 28 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ ara tó ń tún àṣìṣe inú DNA ṣe ti bàjẹ́. Nínú àkójọ méjì láti Amẹ́ríkà tí wọ́n fi wé e, èyí tó ga jù kò pé 15. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ìtọ́jú, nítorí irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ́ oògùn tó ń ru àwọn ọmọ ogun ara sókè ju àwọn yòókù lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ifẹ̀ ló gbé èyí jáde. Bí wọ́n bá ti dúró de Utah, à bá má mọ̀ ọ́n. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni a fẹ́ kí wọ́n ṣe lórí ESR2, lórí AR, àti lórí àwọn jíìnì ínsúlìn.

Ṣùgbọ́n ta ni wọn yóò yẹ̀ wò? Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú ìgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ yìí, jẹ̀díjẹ̀dí ni orúkọ tí yóò kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n á ní kó dín ṣúgà kù. Alágbo gáréèjì á bu ago àgbo jẹ̀dí fún un, á sì fi àgbo ọpa ẹ̀yìn kún un. A ò bá alágbo jà o, jẹ̀dí wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ jẹ̀dí àti ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ kò kọ orúkọ síwájú orí, kò sì sí ojú tó lè dá wọn mọ̀ láti òde. Oṣù ń gorí oṣù, àgbo ń gorí àgbo, ẹni náà ń rù, ìgbẹ́ rẹ̀ ń tín-ín-rín. Ọjọ́ tí ìfun bá dí pátápátá ló ń dé ọ̀dọ̀ dókítà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà pẹ́ tó ẹni tí wọn yóò gba jíìnì rẹ̀.

Àwọn tó ń ta àyẹ̀wò DNA lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti mọ ẹ̀rù wa, wọ́n sì ń pa owó níbẹ̀. Ẹni tí bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní jẹjẹrẹ ìfun kí ó tó pé àádọ́ta ọdún, tàbí tí jẹjẹrẹ ilé ọmọ wà nínú ìdílé rẹ̀, ní ìdí láti bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa jíìnì bíi MLH1 àti MSH2, tí wọ́n dá yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí à ń sọ bọ̀, nítorí ewu tiwọn tóbi, ẹ̀rí rẹ̀ sì dájú. Ẹlòmíràn kò ní ìdí láti san dọ́là kí wọ́n lè sọ fún un pé ESR2 rẹ̀ yàtọ̀. Àyẹ̀wò ìfun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó tètè ṣe. Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù Black Panther, kò tíì pé ogójì nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ ìfun lára rẹ̀ ní 2016. Ọmọ ọdún 43 ni nígbà tó kú ní 2020. Ọdún tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba Amẹ́ríkà níyànjú dín ọjọ́ orí tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ìfun kù láti àádọ́ta sí 45.

Nàìjíríà ti ṣe òfin tó dá ilé iṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ láti 2017. Òfin adójútófò ìlera ti 2022 sì sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ènìyàn wà lábẹ́ ètò náà. Ẹ jẹ́ kí ètò yẹn máa san owó kámẹ́rà ìfun fún ẹnikẹ́ni tó bá ti pé 45 tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, kí ó máa san owó yíyẹ ẹran tí wọ́n bá gé wò, kí wọ́n sì fi ìdá kan nínú ẹran náà pamọ́, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni ín, fún àwọn tí yóò ka jíìnì rẹ̀. Kí àwọn tó ń kọ orúkọ àrùn sílẹ̀ ní UCH Ìbàdàn àti ní Ifẹ̀ rí owó oṣù wọn gbà. Kí kọmíṣọ́nnà ìlera ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá sì sọ fún aráàlú, kí ètò ìsúná ọdún tó ń bọ̀ tó dé iwájú àwọn aṣòfin, iye kámẹ́rà ìfun tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba wọn, àti iye ọjọ́ tí ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ń dúró kó tó kàn án.